Òkúta Eléyín Bàbá Mi

"Níbo lo tà á sí?"

Ohun tí bàbá mi fi dá mi lóhùn nìyẹn nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n ti abúlé dé. Wọ́n jókòó sórí àga wọn ní pálọ̀, wọ́n di òkúta wọn mú, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra á lórí bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.

"Kí ni mo tà, Dádì?"

"Òkúta mi. Eléyìí kọ́. Eléyìí ò léyín mọ́. Ṣé ọjà Alábà lo gbé tèmi lọ ni, tó o wá fi ayédèrú rọ́pò ẹ̀? Àbí ọwọ́ àwọn tíṣà yunifásítì tó ò ń bá rìn ló wà?"

Háà! Mo dìde fùú lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ ru, ara mi kì í sì í gbé ojú kan. Tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, láti ojú bóòdù dé ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń rìn títí agogo á fi lù. Lọ́jọ́ yẹn mo rìn yí pálọ̀ ká, mo ń pariwo pé kí ni mo fẹ́ fi òkúta ṣe, pé ṣé báyìí ni wọ́n mọ̀ mí sí. Bàbá mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n gbé òkúta náà kalẹ̀ sórí tábìlì bí ohun tó rí wọn lára, wọn ò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Òkúta náà ò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Ìdí rẹ̀ rí pálapàla, ó pọ́n díẹ̀ bí ilẹ̀ amọ̀, ṣùgbọ́n ṣónṣó ló kún orí rẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Wọ́n mọ́ bí omi, wọ́n sì mú débi pé wọ́n lè gún èèyàn lọ́wọ́. Eyín ni bàbá mi ń pè wọ́n. Láti kékeré ni mo ti mọ ìtàn rẹ̀.

Sójà ni bàbá mi. Nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́, ìjọba kó wọn lọ sí ìlú òyìnbó kan tí ogun ti jà, pé kí wọ́n lọ dúró sáàrin àwọn tó ń bára wọn jà. Òtútù ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Lọ́jọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo ọ̀nà, baba àgbẹ̀ kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ àgọ́ wọn rí bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n, ó ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé òun. Ó mú wọn lọ sí ẹsẹ̀ òkè kan, ó kó wọn wọ inú ihò àpáta.

"Bí a ṣe wọlé báyìí," bàbá mi á ní, "ooru ló kọ lù wá lójú. Nínú òtútù yẹn o! Mo bọ́ kóòtù mi. Omi wà nísàlẹ̀, ó ń yọ èéfín, ó ń hó ṣìì, èèyàn ò lè kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo wá gbé tọ́ọ̀ṣì sókè. Ògiri léyín! Látòkè délẹ̀, eyín ni ṣáá." Wọ́n á wá fi kún un pé, "Ilẹ̀ ni mo ti ṣa tèmi o. Mi ò fọ́ ilé onílé."

Ní bárékè Ọ̀jọ́ tí wọ́n bí mi sí, kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn á jókòó sí mámì màkẹ́ẹ̀tì, ọjà inú bárékè, nírọ̀lẹ́, wọ́n á rí bàbá mi lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á pariwo, "Sájẹ́ǹtì! Ihò yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti jinná?" Gbogbo wọn á fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ẹ̀rín. Wọ́n ní ọjà ni bàbá mi ti ra òkúta náà, pé oorun ló gbé wọn lọ sínú ihò. Àwọn ọmọ wọn ń pe èmi náà ní ọmọ oníhò. Mo ja ìjà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mo ya aṣọ ọmọlọ́mọ.

Ìyá mi nìkan ni kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Wọ́n á gbé agbọ̀n ẹja wọn kalẹ̀, wọ́n á kọjú sí àwọn sójà náà, wọ́n á ní, "Tí ọkọ mi bá ní ihò ń hó, ó ń hó nìyẹn." Ọ̀rọ̀ á sì tán.

Èmi ńkọ́? Mo gbà á gbọ́, mi ò gbà á gbọ́. Ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé nìyẹn, nítorí mo fẹ́ mọ̀ tán. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé omi òjò ló ń gbẹ́ ihò: á gba òkè wọ inú àpáta, á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Omi òjò kì í gbóná, nítorí náà mo rò pé bàbá mi purọ́, ó sì dùn mí. Ìgbà tí mo wá kà síwájú sí i ni mo rí i pé àwọn ihò kan wà tí omi wọn ò ti òkè wá rárá. Láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń gbéra, ó ti gbóná, gáàsì sì kún inú rẹ̀ bíi ti mínírà tí wọn ò tíì ṣí. Bó ṣe ń gòkè bọ̀ ló ń jẹ àpáta, irú òkúta kan náà tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, nítòsí abúlé wa, tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Tí gáàsì bá wá ń jáde kúrò lára omi náà, kò ní lè gbé gbogbo ohun tó jẹ mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó sára ògiri, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fún ọdún tí ẹnikẹ́ni ò lè kà, títí tí yóò fi di òkúta dídán tó ní ṣónṣó. Àwọn onímọ̀ gan-an ń pè é ní eyín ajá. Mo rí fọ́tò ihò mìíràn tí òkúta dídán inú rẹ̀ ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí àwọn tó wọ ibẹ̀ dúró bí èèrà lábẹ́ rẹ̀, tí wọn ò sì lè pẹ́ níbẹ̀ nítorí ooru.

Mo sáré wálé lọ́jọ́ náà. "Dádì, òótọ́ lẹ sọ!"

Bàbá mi wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé o rò pé mò ń purọ́ tẹ́lẹ̀ ni?"

Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀ síbẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn onímọ̀ yẹ òkúta náà wò, kí wọ́n gé e díẹ̀, kí wọ́n sọ bí omi tó bí i ṣe gbóná tó. Mo bẹ bàbá mi títí. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi: kò ní jáde nílé níwọ̀n ìgbà tí àwọn bá wà láàyè. Mi ò sì yéé bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni wọn ì bá tún fura sí?

Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì, wọ́n kúrò ní bárékè, àwọn àti ìyá mi kó wá sọ́dọ̀ mi ní Iba. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn. Àràárọ̀ tí wọ́n bá ti gbàdúrà tán, wọ́n á gbé òkúta náà, wọ́n á fi àtàǹpàkò kan eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé e padà. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n wọn dùbúlẹ̀ àìsàn lábúlé, wọ́n fi òkúta náà sílẹ̀ fún èmi àti ìyá mi, wọ́n lọ tọ́jú rẹ̀, wọ́n pẹ́ lọ́hùn-ún. Àbọ̀ wọn rèé tí wọ́n sọ mí di olè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo ro láfún, mo se ọbẹ̀ ilá tí wọ́n fẹ́ràn, mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn.

"Ọwọ́ tó ta òkúta mi, mi ò lè jẹ oúnjẹ ọwọ́ yẹn."

Búrẹ́dì tí wọ́n ń rà lẹ́nu géètì ni wọ́n ń fi mu omi láti ìgbà náà. Wọ́n sì sọ fún ìyá mi pé tó bá di Sátidé, àwọn ń padà sábúlé, àwọn ò tún ní wá sí Iba mọ́. Wọ́n ti di báàgì wọn, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ọmọ àwọn ò lè ṣe irú ẹ̀, pé ojú ló ń tan bàbá mi jẹ. Bàbá mi ní àwọn ò fi ojú wo òkúta, ọwọ́ ni àwọn fi ń wò ó.

Ó dùn mí wọra. Bàbá mi ti darúgbó. Tí wọ́n bá lọ báyìí, ta ló mọ̀ bóyá a tún máa fojú kan ara wa? Gbogbo ọjọ́ tó kù fún wọn, wọ́n á máa rò pé ọmọ tí àwọn bí já àwọn lólè. Mi ò lè sùn, mi ò lè jókòó.

Ohun tó burú jù ni pé nígbà tí èmi fúnra mi gbé òkúta náà, mo rí i pé òótọ́ ni bàbá mi sọ. Àwọn eyín náà ti kúnú, orí wọn rí róbótó bí súìtì tí ọmọdé lá kù. Wọn ò dán mọ́. Ẹ gbà mí! Ta ló wọlé wa? Mo rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yá yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí wọ́n máa ń wá fi fóònù gba iná ní pálọ̀ wa. Mo lọ gbá ilẹ̀kùn wọn, mo ti ká apá aṣọ mi sókè. Ọlọ́run ló yọ mí pé wọn ò sí nílé.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, mo kúrò nílé ìwé, mi ò fẹ́ lọ sílé. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Okokomaiko. Mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ rà níbẹ̀. Mo rìn láàrin àwọn tó ń tajà létí títì, mo ń bi wọ́n ní iye ohun tí mi ò fẹ́, mo kọjá sódìkejì, mo tún kọjá padà. Ìyá kan tó ń ta bàtà ní, "Àǹtí, kí lẹ̀ ń wá gan-an?" Mo tún wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Iba.

Ìyá mi wà ní kíṣìnì, wọ́n ń kọrin. Omi bọ̀rẹ́hóólù ilé wa máa ń fi èépá funfun sínú kẹ́tùlù. Téèyàn bá ti fi se omi gbígbóná fúngbà díẹ̀, á le mọ́ ìdí rẹ̀ bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìkòkò. Ìyá mi fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú kẹ́tùlù náà, wọ́n sì dẹ etí sí i.

"Wá gbọ́ bó ṣe ń hó," wọ́n ní. "Ìdọ̀tí ló ń jáde yẹn."

Mo sún mọ́ wọn. Ó ń hó lóòótọ́, ṣìì, ó ń yọ fòfó.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í fi ìdọ̀tí kankan sílẹ̀," ìyá mi ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. "Òun náà ni mo fi fọ òkúta bàbá ẹ nígbà tí wọ́n wà lábúlé. Mo dojú eyín ẹ̀ délẹ̀ sínú abọ́, mo fún ọsàn sí i. Háà, ìdọ̀tí ń jáde! Tí kò bá hó mọ́, màá da omi yẹn nù, màá tún fún òmíràn. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣe é. Mo fẹ́ kí wọ́n dé bá a kó mọ́ tónítóní."

Orí mi wú. Èépá inú kẹ́tùlù àti eyín inú ihò, ìkan náà ni wọ́n. Omi gbígbóná ló ń fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, omi kíkan sì ń jẹ àwọn méjèèjì. Kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń jáde nínú abọ́ yẹn lójoojúmọ́. Òkúta bàbá mi gan-an ló ń lọ.

Mo wo ojú ìyá mi. Inú wọn ń dùn, ọsàn ń kán ní ìka wọn. Nígbà tí gbogbo bárékè ń fi bàbá mi rẹ́rìn-ín, ìyá mi nìkan ló dúró tì wọ́n. Ṣé àwọn ni màá wá sọ fún pé àwọn ló jẹ eyín ihò náà run? Tí mi ò bá sì sọ ọ́, bàbá mi á lọ ní Sátidé.

Mo rìn wọ yàrá, mo rìn jáde. Mo mú ìlàjì ọsàn kan kúrò lórí tábìlì kíṣìnì, mo gbé òkúta náà ní pálọ̀, mo lọ bá bàbá mi lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń gba atẹ́gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi.

"Dádì, ẹ dákun, ẹ bá mi na ọwọ́ yín."

"Fi mí sílẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Lẹ́ẹ̀kan yìí péré."

Wọ́n na ọwọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Mo dojú òkúta náà dé, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. "Ẹ má ṣe tẹ orí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò."

Àtàǹpàkò wọn ń rìn. Ó gba ara ibi tó rí pálapàla, ó yí etí rẹ̀ ká, ó dé kọ̀rọ̀ kan, ó dúró. Eyín kékeré kan wà níbẹ̀, ó fara pamọ́ sí ìdí òkúta, níbi tí omi ọsàn inú abọ́ kò dé. Ó ṣì mú.

"Eléyìí," bàbá mi ní. Ohùn wọn ti yí padà. "Eléyìí ló gún mi lọ́jọ́ tí mo ṣà á." Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. "Tèmi ni. Kí ló wá ṣe àwọn yòókù?"

Mo fún ẹ̀kán ọsàn kan sí ara ìdí òkúta náà, mo gbé e sún mọ́ etí wọn. Ó ń hó. Wọ́n dẹ etí sí i, wọn ò mira.

"Bó ṣe ń dún lọ́jọ́ náà nìyẹn," wọ́n ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Nínú ihò yẹn. Bó ṣe ń dún gan-an nìyẹn."

"Omi gbígbóná ló tò ó jọ, Dádì. Omi kíkan ló sì ń kó o lọ. Wọ́n ti fi ọsàn wẹ̀ ẹ́."

"Ta ló fi ọsàn wẹ̀ ẹ́?"

Mo ti múra ìdáhùn yẹn sílẹ̀ láti kíṣìnì. "Èmi ni. Mo fẹ́ kó mọ́."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn gbẹ̀yìn. "Ìwọ? Ìwọ tí ife tíì tó o mu lánàá ṣì wà lójú fèrèsé? Ìwọ lo fọ òkúta?"

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Orin ìyá mi ń dún wá láti kíṣìnì. Bàbá mi kọjú síbẹ̀.

"Ṣé ó mọ̀?" wọ́n bi mí.

"Wọn ò mọ̀ sà. Wọ́n rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde."

"Má sọ fún un."

"Ṣùgbọ́n Dádì—"

"Mo ní má sọ fún un." Wọ́n fi òkúta náà sápò, wọ́n gbára lé èjìká mi dìde. "Láfún ńkọ́? Ṣé o lè ro òmíràn?"

Wọn ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, wọn ò tọrọ rẹ̀ rí. Wọ́n jẹun débi pé wọ́n fi ìka lá abọ́. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, omi ń dà lójú mi, inú ń bí mi, inú mi sì ń dùn, mi ò mọ èwo ni mo fẹ́ mú níbẹ̀.

Sátidé dé. Báàgì kò kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí a ṣe jẹun àárọ̀ tán, ìyá mi gbé abọ́ wọ pálọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ tútù kún inú rẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bàbá mi.

"Bàbá wọn, ẹ gbé òkúta yín wá. Mo ti ronú sí i. Ẹ ní kò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ pé mi ò fọ̀ ọ́ tó. Ẹ jẹ́ kí n tún un fọ̀ fún yín, kí inú yín lè dùn."

Mo ti fò dìde. "Mọ́mì, ẹ má—"

"Jókòó."

Ohùn pàréèdì ni bàbá mi fi sọ ọ́, ohùn tí mi ò gbọ́ mọ́ látìgbà tí wọ́n ti kúrò ní bárékè. Mo jókòó. Wọ́n fa òkúta náà yọ lápò. Àtàǹpàkò wọn wá eyín kékeré ìdí rẹ̀ kàn, ó dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n na òkúta náà sí ìyá mi.

"Dojú ẹ̀ délẹ̀ bó o ṣe máa ń ṣe," wọ́n ní. "Má jẹ́ kí omi ọsàn kan ìdí ẹ̀ o."

"Mo mọ̀ ọ́n fọ̀, ẹ má ṣèyọnu." Ìyá mi fún ọsàn sínú abọ́, ìkan tẹ̀ lé ìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ojú ìyá mi tàn, wọ́n gbójú sókè wo ọkọ wọn. "Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?"

"Mò ń gbọ́ ọ," bàbá mi ní. "Ó ń hó."

Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan, mo jókòó lé wọn.